Owó Àbójútó Àyíká Oko ní England: Ìṣirò Tó Wà Níwájú Àgbẹ̀

Lára àwọn ìpinnu tó wúwo jù lọ́rùn àgbẹ̀ ilẹ̀ England lóde òní ni èyí tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tí kò ní kórè oúnjẹ kankan lórí rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ní ètò kan tí ó fi ń san owó fún àgbẹ̀ tó bá gbà láti fi apá kan oko rẹ̀ sílẹ̀ fún òdòdó àti ẹyẹ, láti yé fín oògùn apakòkòrò sórí ohun ọ̀gbìn, láti jẹ́ kí ọgbà igi tútù tó wà ní ààlà oko rẹ̀ ga kí ó sì fẹ̀, tàbí láti gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ nígbà òtútù kí òjò má baà wọ́ ọ lọ sínú odò. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ètò owó àbójútó àyíká oko. Àdéhùn ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá wù ló ń wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe, iye ọdún tí ó gbọ́dọ̀ fi ṣe é, àti iye owó tí yóò gbà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, hẹ́kítà kan sì jẹ́ nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀. Àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ náà láti ìlú ńlá sábà máa ń rò pé àgbẹ̀ tó wọ ètò náà ló fẹ́ràn ẹyẹ, àti pé èyí tó kọ̀ ọ́ kò bìkítà. Èrò yẹn jìnnà sí òtítọ́. Ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn ìṣirò ó tún di ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, ibi ìgbẹ́kẹ̀lé yìí gan-an ni ìjọba sì ti kọsẹ̀.

Ètò náà kò lè yé ènìyàn dáadáa bí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ṣì ń wọn oúnjẹ fún ará ìlú, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1947 fi ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀ pé iye owó irè oko wọn kò ní já wálẹ̀ lójijì, ohun tí ìjọba sì ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò ju pé kí oúnjẹ pọ̀ lọ. Nígbà tí Britain wọ inú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 1973, ìlànà kan náà ló ń bá a lọ: wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n hú igi ààlà kúrò kí ẹ̀rọ ìkórè ńláńlá lè rí àyè yí, owó ìrànwọ́ sì ń wọlé lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn ní gbangba ni Halvergate, ilẹ̀ àbàtà kan ní ẹkùn Norfolk tí màlúù ti ń jẹko lórí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí díẹ̀ nínú àwọn tó ni ín sì fẹ́ túlẹ̀ rẹ̀ fún ọkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó ṣòro láti dá wọn lẹ́bi, nítorí ọkà ló ń mówó wá, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ iye rẹ̀. Ohun tó pẹ̀tù sí ìjà náà ni pé ní 1985 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san £50 lórí éékà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fi àbàtà rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wà, kí màlúù sì máa jẹ̀ níbẹ̀. Láti inú ìdánwò kékeré yẹn ni ètò tó gbòòrò ti jáde ní 1987, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 1991 àti 2005. Ti 2005 rọrùn láti wọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá kó máàkì tó, láti inú àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, ń gba £30 lórí hẹ́kítà gbogbo oko rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló kàn mú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, pàápàá títọ́jú igi ààlà, tí wọ́n sì gbowó rẹ̀.

Owó díẹ̀ ni gbogbo èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìrànwọ́ tí àgbẹ̀ ń gbà nígbà náà nítorí pé ó ní ilẹ̀ lásán. Ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, nǹkan bí £230 ni owó yẹn lórí hẹ́kítà kan lọ́dún kan, kò sì sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ohun tí ẹni tó ń tọ́jú ilẹ̀ ń gbà àti èyí tí ẹni tó ń bà á jẹ́ ń gbà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ni owó rẹ̀ ń pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbà á fi ń kó nǹkan bí ìdajì gbogbo owó náà lọ. Lẹ́yìn tí Britain kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ tuntun ní 2020, ìlànà tó sì gbé e ró ni pé owó ará ìlú gbọ́dọ̀ ra ohun tó ṣe ará ìlú láǹfààní, bí omi tó mọ́, ilẹ̀ tí kò ṣá, àti ẹ̀dá inú oko tí kò kú tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó ìrànwọ́ orí ilẹ̀ kù láti 2021, wọ́n san ti ìkẹyìn ní 2023, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn náà sì jẹ́ owó ìdágbére tó ń dín kù lọ́dọọdún. Ní 2022 ni wọ́n ṣí ètò tuntun tí wọ́n pè ní Sustainable Farming Incentive, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SFI. Defra, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, oúnjẹ àti ìgbèríko, ló ni ín. Àjọ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sanwó.

Nítorí náà, kò sí àgbẹ̀ tó ń wo SFI bí ẹ̀bùn tó já bọ́ láti òkè. Owó tó ti ń gbà láìṣe nǹkan kan ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wá ṣiṣẹ́ kí ó tó rí apá kan rẹ̀ gbà padà.

Bí àkójọ iṣẹ́ náà ṣe rí ní 2024, àgbẹ̀ lè mú ohun tó wù ú níbẹ̀ bí ẹni ń ra ọjà. Ẹni tó bá gbin àdàlù òdòdó tí oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn lè máa jẹ yóò gba £739 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Ẹni tó bá gbin ohun ọ̀gbìn tó ń so èso wẹ́wẹ́, tí ó sì fi í sílẹ̀ lóko kí ẹyẹ lè rí i jẹ nígbà òtútù, yóò gba £853. Ẹni tó bá pinnu pé òun kò ní fín oògùn apakòkòrò rárá sórí ohun ọ̀gbìn kan yóò gba £45 lórí hẹ́kítà rẹ̀, £129 sì wà fún ohun ọ̀gbìn tó ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Owó igi ààlà yàtọ̀, nítorí gígùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: £13 lórí ọgọ́rùn-ún mítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi ààlà yìí kì í ṣe igi méjì mẹ́ta tí a gbìn kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ ààlà bí a ti ń fi pèrègún ṣe nílẹ̀ Yorùbá; igi ẹlẹ́gùn-ún tó há gádígádí ni, tó lọ láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, tí ẹyẹ ń tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, tí àwọn ẹran kéékèèké sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èyí tó gba ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ọlọ́kà lọ́kàn jù ni fífi ilẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ohun ọ̀gbìn ìran ẹ̀wà. Owó rẹ̀ ní 2024 jẹ́ £593 lórí hẹ́kítà. Àgbẹ̀ yóò gbin àdàlù koríko ìran ẹ̀wà bíi clover sí i, kò ní kórè rẹ̀ tà, bí ọdún àdéhùn bá sì pé, ilẹ̀ yóò ti rí náítírójìn gbà láti inú gbòǹgbò wọn, náítírójìn yìí ni èròjà tí àgbẹ̀ ń fi owó ńlá ra nínú àpò ajílẹ̀. Ní ìlà-oòrùn England, níbi tí koríko kan tí wọ́n ń pè ní black-grass ti sọ ọ̀pọ̀ oògùn apakoríko di omi lásán, gígé ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí koríko náà tó gbó èso máa ń dín in kù ju oògùn lọ. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ti ń fi oko sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, àfi pé kò sẹ́ni tó sanwó ìsinmi náà fún bàbá rẹ̀.

Ó yẹ kí a wo ìṣirò náà fínnífínní, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ká ní oko kan wà tí àárín rẹ̀ lè mú tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án àlìkámà jáde lórí hẹ́kítà kan, ṣùgbọ́n tí igun kan rẹ̀, níbi tí omi ń dúró sí, kò lè mú ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Ká tún ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn jẹ́ £600 lórí hẹ́kítà, tí epo, katakata, ẹ̀rọ ìkórè àti owó òṣìṣẹ́ sì jẹ́ £450. Bí tọ́ọ̀nù kan bá ń lọ ní £190, àárín oko yóò mú £1,710 wọlé, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ £660. Igun olómi yóò mú £950 wọlé, èyí tí kò tó owó tí àgbẹ̀ ná sórí rẹ̀. Àdánù £100 ni. Bí ó bá jẹ́ pé koríko ìran ẹ̀wà ló gbìn sí igun yẹn, tó ná £150 láti gbìn ín àti láti máa gé e, £443 ni yóò kù sọ́wọ́ rẹ̀ nínú £593. Ní àárín oko, ọkà ló dára jù. Ní igun, kò sí ìdí kankan láti tún gbin ọkà.

Ẹnì kan lè sọ pé iye àlìkámà kì í dúró lójú kan, òtítọ́ sì ni. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine ní 2022, tọ́ọ̀nù kan kọjá £300 ní Britain, àmọ́ láàárín 2023 ó sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ £200. Ká wá gbé £300 náà sínú ìṣirò wa: àárín oko yóò mú èrè £1,650 wá, igun olómi yóò sì mú £450. Ìyẹn ni pé ní ọdún tí ọjà dára jù lọ, igun yẹn kàn bá ohun tó ń kù sọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú owó ìjọba dọ́gba ni, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yìí kò tilẹ̀ ka bí ajílẹ̀ ṣe gbówó lórí gegere ní ọdún kan náà. Kìkì ohun tó lè yí ìṣirò náà díẹ̀ ni gbèsè orí katakata, nítorí ilé ìfowópamọ́ kì í dín in kù fún ẹni tó dín oko rẹ̀ kù.

Ìdí tí owó náà fi ń ṣe ojúure sí ilẹ̀ tí kò dára wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Òfin àjọ ìṣòwò àgbáyé, WTO, sọ pé owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ lábẹ́ ètò àyíká kò gbọdọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà ná an lọ àti owó tó pàdánù nítorí rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti ṣeé ṣe láti ṣírò ti oko kọ̀ọ̀kan, àárín gbùngbùn ni ìjọba ń mú, iye kan náà sì ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dára ju ti àárín gbùngbùn lọ yóò rí i pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ẹni tí tirẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀ yóò rí èrè. Kò sí ibi nínú èyí fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn kàn pé àwọn kan fẹ́ kó gbogbo oko wọn sínú ètò náà kí wọ́n sì yé gbin oúnjẹ, Defra fi òdiwọ̀n sí i ní oṣù Kẹta 2024: iṣẹ́ mẹ́fà tó ń mú ilẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀gbìn oúnjẹ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún oko ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù pé oúnjẹ yóò dín kù nítorí òdòdó kò fi gbogbo ara lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Hillesden, oko ńlá kan ní Buckinghamshire, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ọdún mẹ́fà yọ ilẹ̀ tó tó ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lẹ́nu ọkà ní àwọn ibì kan, wọ́n mú etí oko àti igun tí irè rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì gbin ohun tí kòkòrò àti ẹyẹ fẹ́ sí i. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé àròpọ̀ irè oko náà kò dín kù rárá, nítorí ohun tó ṣẹ́ kù ń so dáadáa sí i, pàápàá ẹ̀wà, tí oyin ń ràn lọ́wọ́ láti so. Ẹni tó bá mọ̀ pé iye ẹyẹ inú oko ní Britain ti fi ju ìdajì lọ dín kù láti 1970 yóò rí i pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ìṣirò yìí bá mu, ṣá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ oko England ló wà lọ́wọ́ àwọn tó yá a, tí wọ́n ń san ohun tí Yorùbá ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ìwádìí kan tí Kate Rock darí, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2022, tọ́ka sí ewu tó wà níwájú irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ìwé ìyálẹ̀ kò pẹ́ tó àdéhùn àyíká, onílẹ̀ sì lè rí i pé owó inú ètò náà dùn ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ, kí ó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, pàápàá bí ó bá fẹ́ gbin igi sí i. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àdéhùn SFI jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, tí ayálẹ̀ kò sì nílò àṣẹ onílẹ̀ láti wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta bá ayálẹ̀ mu. Bóyá ó bá ilẹ̀ mu ni ìbéèrè mìíràn.

Ti àwọn olókè tún le jù. Lórí àwọn òkè olótùútù, níbi tí àgùntàn nìkan ti lè jẹ̀, ọ̀pọ̀ oko kì í jèrè rárá bí kì í bá ṣe owó ìrànwọ́ àtijọ́, iṣẹ́ tó sì gbówó lórí jù nínú àkójọ náà kò ṣeé ṣe níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbin ọkà tí yóò fi sílẹ̀. Wọ́n kàn fi owó táṣẹ́rẹ́ lélẹ̀ fún ẹni tó bá rìn káàkiri òkè rẹ̀ láti kọ ohun tó rí sílẹ̀: £10.60 lórí hẹ́kítà. Ní ibi tí òkè náà bá tún jẹ́ ilẹ̀ àjùmọ̀ní, bíi ti Dartmoor ní gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó bá ní òun kò ní dín àgùntàn òun kù lè mú kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdánù.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ìṣirò. Ohun tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ìṣirò ni bóyá ẹni tó ṣèlérí yóò san án, àwọn àgbẹ̀ England kò sì gbàgbé ohun tí ojú wọn ti rí. Nígbà tí wọ́n yí owó ìrànwọ́ padà ní 2005, àjọ tó ń sanwó kò rí ju nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà san títí di òpin oṣù Kẹta 2006, àwọn àgbẹ̀ sì lọ yá owó èlé kí wọ́n lè ra irúgbìn. Ní 2015, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ fún ètò mìíràn dẹ́nu kọlẹ̀, wọ́n sì padà sí orí ìwé àti gègé.

Ó dà bíi pé SFI fẹ́ yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrú, ó ń sanwó lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, nígbà tí yóò sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nǹkan bí 37,000 àdéhùn ló ti wà nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2025, Defra kéde pé àwọn ti ti ilẹ̀kùn, pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, £1.05 bílíọ̀nù, ti tán, àti pé wọn kò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Wọ́n ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé bí irú rẹ̀ bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, àwọn yóò fún àgbẹ̀ ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan ti kọ fọ́ọ̀mù wọn dé ìdajì, àwọn mìíràn ti ra irúgbìn òdòdó sílé. Lẹ́yìn ariwo àti ìhàlẹ̀ ilé ẹjọ́, ìjọba gbà ní oṣù Karùn-ún pé àṣìṣe wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí nǹkan bí 3,000 àgbẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù láàárín oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà parí rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òdiwọ̀n lórí iye tí oko kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Ó yẹ kí a wo àwọn tí ìpinnu yẹn pa lára jù. Àwọn tó ti tọwọ́ bọ̀wé ń gba owó wọn lọ láìsí ìdíwọ́. Àwọn tó fara balẹ̀ ló kàgbákò: ayálẹ̀ tó ń dúró kí onílẹ̀ tún ìwé rẹ̀ ṣe, àwọn olókè tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní, àti ẹni tó fẹ́ kí ìkórè kan parí kí ó lè mọ igun tó yẹ kí òun yọ kúrò. Ìjọba tó fẹ́ kí àgbẹ̀ ronú jinlẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ fi ìyà jẹ ẹni tó ronú, ó sì kọ́ àwọn yòókù pé bí ilẹ̀kùn bá tún ṣí, kí wọ́n sáré wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ẹ̀kọ́ yìí ti ń hàn nínú bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń mú iṣẹ́. Ohun tí wọ́n lè yí padà láàárín àkókò ọ̀gbìn kan ni wọ́n ń yára mú: koríko ìran ẹ̀wà, òdòdó etí oko, ohun ọ̀gbìn tó ń bo ilẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ṣeé yí padà, bíi gbígbin igbó tàbí dídá omi padà sórí ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ti fà gbẹ, ni wọ́n ń sún mọ́ tìfura-tìfura, nítorí ẹni tó bá jẹ́ kí omi gba oko rẹ̀ kò lè gbin àlìkámà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bí ìjọba bá yí ohùn padà. Bẹ́ẹ̀ irú iṣẹ́ wọ̀nyẹn ló ṣe odò, ilẹ̀ àti ẹyẹ láǹfààní jù. Àwọn àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 2023 ń dé òpin láti 2026, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó ní kí àgbẹ̀ má túlẹ̀ etí oko olódòdó rẹ̀. Bí owó àdéhùn tuntun bá dín kù, tàbí tí ó pẹ́ jù kí ó tó dé, èyí tó wà lórí ilẹ̀ olómi lè ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọkà kò mówó wá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá ni katakata yóò kọ́kọ́ kàn.